Ìyá Tí Iná Ń Kú Fún

Inú kànga ni wọ́n ti bá Muhsinah ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, kí oòrùn tó yọ. Korobá rẹ̀ wà létí kànga, ó kún fọ́fọ́, omi inú rẹ̀ ò tiẹ̀ dà. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń pọn omi nínú kànga yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ. Bó tiẹ̀ dijú, yóò pọn ọ́n. Òun náà ló já sínú rẹ̀ bí àlejò.

Roheem, olórí àwọn ọlọ́dẹ Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ló so okùn mọ́dìí tó wọ inú kànga lọ gbé e. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú sórí ẹní, tọ́ọ̀ṣì tó dè mọ́ iwájú orí ti kú. Lateef ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. Kò lè sunkún. Ó kàn ń fi etí ẹ̀wù nu omi kúrò lójú ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Roheem dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu láti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀rúnmu.

"Ẹ máa bọ̀ o. Nǹkan ti ṣe wá. Ẹ máa bọ̀ kíá."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni tọ́ọ̀ṣì orí òkú dédé tàn yòò.

Àwọn obìnrin figbe ta. Ẹni tó ń sá lọ ń tẹ ẹni tó ṣubú mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí Lateef lójú gan-an, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan tọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́, ó tún kú.

"Ọwọ́ ayé rèé," Àjíkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tirẹ̀ ló sún mọ́ kànga jù. "Òkú yìí fẹ́ fi ẹni tó pa á hàn wá ni."

Ni ó bá rántí nǹkan kan, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní nígbà tí òun ń gbálẹ̀ ní ìdájí yẹn, òun rí ẹni tó kọjá létí kànga. Ìyá Zubaidah ni.

Mùjíbátù lorúkọ Ìyá Zubaidah. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun sì ni ìyáálé nílé bàbá Lateef. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Lateef nígbà tí ìyá tó bí i kú. Mùjíbátù ló gbé e pọ̀n. Bí Lateef bá sùn, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a gbé Zubaidah ọmọ tirẹ̀ sí i. Lateef ò mọ ìyá mìíràn láyé. "Màámi" ló ń pè é. Fùfú ni obìnrin náà ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ létí odò, nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Olódò kì í pẹ́ dé.

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbé àgbẹ̀ méjì lọ́nà oko lágbègbè yẹn, kò sí obìnrin tó ń dá rìn ní ìdájí mọ́. Àwọn ọlọ́dẹ ló ń sìn wọ́n. Àwọn ọmọ abúlé tó wà nígboro ló ra rédíò ìléwọ́ fún wọn, irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé níbẹ̀. Roheem fúnra rẹ̀ ló ń sin Ìyá Zubaidah. Yóò máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, bí wọ́n bá sì ti dé kọ́nà kan, yóò sọ sínú rédíò pé, "Ìyá ti kọjá níbí o." Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ìyá náà a sì máa ṣàdúrà fún un títí wọ́n á fi dé odò.

Lásìkò yẹn náà ni ọkùnrin kan kó tọ́ọ̀ṣì àti láńtà tuntun wá láti ọjà Ṣáṣá. Tiransifọ́mà abúlé ti jó láti ọdún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó wá wò ó, nítorí náà gbogbo ilé ló ra tiwọn. Àwọn iná yìí ò ní ibi tí èèyàn ń tì tàbí tó ń fà. Bí ìka bá ti kàn wọ́n lórí, wọ́n á tàn. Bó bá tún kàn wọ́n, wọ́n á kú. Àwọn èèyàn fẹ́ràn wọn. Àmọ́ nígbà tó ṣe, àwọn iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ á dédé rí i pé òkùnkùn bo àwo. Láńtà tí wọ́n ti pa á dédé tàn nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti sùn.

Àjíkẹ́ ló kọ́kọ́ so ó mọ́ ẹnì kan. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Muhsinah ni, níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí lẹ́yìn ilé.

"Ẹ jẹ́ ká fọkàn wò ó. Ìgbà wo ni iná mi máa ń kú? Ìdájí. Ta ló máa ń kọjá ní ìdájí? Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín."

"Tèmi náà, ìdájí ni," obìnrin kan dáhùn. "Mo gbọ́ ìró bàtà ìyá, iná kú. Mi ò kà á sí ni."

"Ọmọ inú Muhsinah méjì tó bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ Lateef tó rà sínú ilẹ̀ lọ́dún méjì léraléra ńkọ́? Ta ló ń wọlé tó ń jáde nílé yẹn?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti gbogbo abúlé. Baálẹ̀ Ọládòṣù, ẹni tó ti di arúgbó tí kì í fẹ́ wàhálà, pe Roheem sí kọ̀rọ̀, ó ní kó máa ṣọ́ obìnrin náà. Roheem kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní òun náà wà níbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ tí Muhsinah kú. Wọ́n kọjá, Muhsinah kí wọn, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò gbọ́ igbe kankan, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti ń pariwo.

"Má bá mi jiyàn," Baálẹ̀ sọ. "Ṣọ́ wọn. Ohun tó o bá rí, sọ ọ́ sínú rédíò kí ẹlẹ́rìí lè pọ̀."

Roheem bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ohun tó rí bà á lẹ́rù. Lóòótọ́ ni. Bí Ìyá Zubaidah bá ti dé iwájú ilé kan, tí òun sì gbé rédíò sẹ́nu láti sọ pé ó ti débẹ̀, iná ilé náà á kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Bí ó ti ń rí i tó ni ó túbọ̀ ń sọ ọ́, bí ó sì ti ń sọ ọ́ tó ni iná ń kú tó. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin tó ń gba àdúrà ìyá náà tẹ́lẹ̀ ti so oògùn mọ́ apá kó tó lè tẹ̀lé e.

Lateef nìkan ni kò tíì gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí kànga ká. Òwìwí kan bà lé orí páànù ilé ìyá rẹ̀, ó ń ké. Ìyá náà jáde, ó wo ẹyẹ náà, kò lé e. Ó kàn bu omi, ó wọlé padà. Nǹkan yìí ò tó nǹkan. Ẹyẹ máa ń bà lé orí páànù. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú láìnídìí, ó tó. Lateef dìde, ó lọ bá a.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ni Muhsinah fi ṣe yín?"

Ajọ̀ tí ìyá náà fi ń sẹ́ fùfú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lateef, èmi lò ń bi ní ìbéèrè yẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Ibi tí ẹ bá ti kọjá niná ń kú. Roheem rí i, Àjíkẹ́ rí i, gbogbo ayé rí i. Kí ni kí n máa sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé mo gbé ẹ pọ̀n."

"Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí! Ẹ ò jẹ́ kí n kú ní kékeré. Ṣé ẹ kàn ń sìn mí sílẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń sin ẹran?"

Ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú omidùn ẹ̀gẹ́ tó ṣàn kálẹ̀. Lateef dúró títí, ó ń retí kó bú òun, kó gbá òun létí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Kò ṣe é. Nígbà tí Lateef jáde, ó ti gbà.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dán an wò lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn ìrun màgàríbà, wọ́n to láńtà méje sórí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n tan gbogbo wọn. Wọ́n fi ènìyàn ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn wọ́n. Àlùfáà mọ́sálásí ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀sìn, ó lọ sílé rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Ọlọ́dẹ kan dúró lápá ọ̀hún, Roheem dúró lẹ́yìn Ìyá Zubaidah.

"Tó bá ti gbéra, kó o sọ ọ́," Baálẹ̀ sọ fún un.

Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Bísímílàhì," ó gbéra. Ó kọjá láńtà kìíní, kò kú. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé èkejì ni Roheem tẹ rédíò: "Ó ti ń bọ̀ o. Ó ti kọjá ẹyọ kan."

Láńtà kejì kú. Ẹ̀kẹta kú. Ẹ̀kẹrin ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, òun náà kú.

Igbe ta. Ẹnì kan ju òkò, ó ba ìyá náà lápá. Ṣùgbọ́n kò sá. Ó rìn dé iwájú láńtà kẹrin, ó na ọwọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó tún fa ọwọ́ padà. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ òun nínú igbó.

Ilé kòkó àtijọ́ kan ni wọ́n tì í mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò jẹun. Wọ́n ń gbọ́ tó ń kírun, wọ́n tún ń gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n bá òun pe Baálẹ̀ wá sójú fèrèsé.

"Baálẹ̀, mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ojú èmi náà ló ṣe. Mo rìn, iná kú. Mi ò pe ọfọ̀, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní wọ́n máa ń fi àjẹ́ sínú oúnjẹ fún ọmọdé, tí kò ní mọ̀ títí yóò fi dàgbà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fún mi, tí mi ò mọ̀, tó sì jẹ́ èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bá mi bẹ Lateef."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nìyẹn. Kò sí ẹnì kankan tó gbé "bó bá jẹ́" yẹn dé ìta. Wọ́n ní kó kúrò nílùú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Wọ́n da fùfú rẹ̀ sódò.

Zubaidah ọmọ rẹ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ márúwá wá gbé e. Olódò ni Zubaidah ń gbé, ó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì. Ó gbé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti láńtà tó ń lò. Lateef wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ó ń wo wọ́n. Zubaidah rí i. Kò kí i.

Yàrá kan ṣoṣo ni Zubaidah àti ọkọ rẹ̀ ní, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ wọn. Ìyá náà kọ̀ láti wọlé sùn. Ó tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀. Bí Zubaidah bá gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, á yára ti ọmọ náà kúrò.

"Gbé e lọ. Mi ò mọ ohun tó wà lára mi."

"Màámi, kò sí nǹkan lára yín."

"Ojú rẹ ò sí níbẹ̀, Zubaidah. Èmi rí i."

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, Zubaidah tan láńtà ìyá rẹ̀ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé epo òdìkejì títì gbé fóònù wá fún un láti tún ṣe. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀gá ọlọ́dẹ náà pè é lórí rédíò ìléwọ́. Ọkùnrin náà tẹ rédíò, ó ní, "Mò ń bọ̀ sà." Láńtà kú.

Zubaidah fi ìka tàn án. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Láńtà kú. Wọ́n ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ó kú nígbà mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ látinú rédíò, kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹni tó dì í mú bá tẹ̀ ẹ́ tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí kò sì jìnnà, ìgbà yẹn ni láńtà ń ṣe bí ẹni pé ìka ló kàn án. Zubaidah mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀: agbára tí rédíò fi ń gbé ohùn lọ nínú afẹ́fẹ́ máa ń da ẹ̀rọ kéékèèké láàmú bí wọn ò bá fi nǹkan dáàbò bò wọ́n. Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ọkọ rẹ̀ fi wá wá a.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Baálẹ̀ kó àwọn èèyàn jọ. Láìsí ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó tan láńtà mẹ́ta, ó ní kí Roheem dúró tì wọ́n kó sì pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ń gbọ́ mi?" Roheem sọ sínú rédíò.

Láńtà méjì kú. Ó tún sọ̀rọ̀, ọ̀kan padà tàn. Kò sí ẹni tó figbe ta lọ́tẹ̀ yìí.

Roheem ló kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó gbé rédíò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ejò sílẹ̀. "Ní ìdájí ọjọ́ yẹn," ó ní, "Muhsinah kí wa. A kọjá. A ò tíì rìn jìnnà sí kànga tí mo fi sọ ọ́. Mo ní, 'Ìyá ti kọjá níbí o.'" Ó wo Lateef. "Ó ti gbé korobá sílẹ̀. Ó ń yí padà ni. Iná orí rẹ̀ á ti kú lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti yọ̀ lórí òkúta etí kànga tó tutù yẹn."

Lateef yí ojú sí ọ̀nà kànga.

"Tó bá jẹ́ rédíò ni," Àjíkẹ́ já lu ọ̀rọ̀, "kí ló dé tí ìyá jẹ́wọ́? Ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n fi sọ ọ́? Ẹni tí kò jalè, ṣé á ní òun jalè?"

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Baálẹ̀ fọwọ́ nu ojú, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí ó kọjá agbára òun, kí olúkúlùkù lọ sílé. Zubaidah dúró síbẹ̀ pẹ̀lú láńtà lọ́wọ́, títí ó fi ku òun nìkan àti Lateef.

"Wá bẹ Màámi," ó sọ fún un. "Ìwọ nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tìrẹ."

Lateef dé Olódò lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dìde kúrò ní kọ́rídọ̀, ó wọ yàrá tí kò wọ̀ rí, ó sì ti ilẹ̀kùn látinú. Lateef dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Rédíò ni. Mo fojú ara mi rí i. Ẹ ò mọwọ́ ẹ̀ mẹsẹ̀ ẹ̀."

"Zubaidah ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ohùn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi fẹ́ràn mi. Kò sí ohun tí kò lè sọ torí mi. Ìwọ náà, àánú ló ń ṣe ọ́."

"Kì í ṣe àánú. Òótọ́ ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn, kí n fi hàn yín."

"Má sún mọ́ mi, Lateef. Ìwọ ló kù. Bí nǹkan bá tún ṣe ìwọ náà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ tí mo bá dé ọ̀hún?"

Ó wà níbẹ̀ títí di ìrun iṣáì. Kò ṣí i. Ìgbà tí Lateef lọ tán ló tó jáde, ó sì ní kí Zubaidah fi omi fọ ibi tí òun dúró sí nínú yàrá. Láti ọjọ́ yẹn, omi nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, ó fa abẹ́rẹ́ yọ. Ọjọ́ kọkànlá ló kú, lórí ẹní rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó kọjú sógiri. Olódò ni wọ́n sin ín sí, nítorí Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná nílé. Lateef àti ọkọ Zubaidah ló gbé e wọ inú ilẹ̀.

Roheem ti dá rédíò rẹ̀ padà, ó ti kó kúrò lábúlé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ. Kò sí ọlọ́dẹ tó fẹ́ fọwọ́ kan àwọn rédíò náà mọ́. Inú àpótí nílé Baálẹ̀ ni wọ́n wà.

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú Ìyá Zubaidah, Lateef pe àlùfáà wá ṣàdúrà fún ìyá rẹ̀ ní iwájú ilé. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n jẹ sààrà, wọ́n mumi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti tan láńtà. Àjíkẹ́ wo àwọn iná náà yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ.

"Ọlọ́run má jẹ́ á rí i mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Látìgbà tí ìyá yìí ti jáde láyé, ǹjẹ́ iná ẹnì kan tún kú?"

"Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ẹnì kan sọ.

"Mo rò ó, mi ò kàn sọ ni," ẹlòmíràn dáhùn.

Gbogbo ojú yí sí Lateef. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ọ̀rọ̀ náà ò tó ẹyọ mẹ́wàá. Ó la ẹnu. Ó rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, àwọn èèyàn tó kù tí yóò máa bá gbé, tí wọn yóò sin òun náà lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú abọ́ sààrà, ó gbé e fún Àjíkẹ́.

"Ẹ gbà, mà," ó ní. "Ẹ fi kún tiyín."